Aláta Tí Kò Lè Jẹ Ata

Ẹni tó bá rí ìgò ata mi lórí káńtà ní Bódìjà á rò pé ẹni tó sè é lè jẹ ata rodo bí ẹni ń jẹ àgbálùmọ̀. Irọ́ ni. Láti kékeré ni ata ti ń bá mi jà, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo borí. Bí ìyá mi bá fẹ́ se ọbẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ bu tèmi sọ́tọ̀ kí wọ́n tó da ata sí ìkòkò. Àwọn àbúrò mi tí wọn kò tíì lè wẹ ara wọn ń jẹ ọbẹ̀ gidi. Èmi àkọ́bí ń jẹ ti ọmọ ọwọ́. Mo dàgbà, mo kàwé, mo di tísà jọ́gíráfì, irùngbọ̀n hù lágbọ̀n mi, ṣùgbọ́n ahọ́n mi kò bá mi dàgbà.

Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò mọ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ pàdé. Búkà kan l'Ágbowó la ti jọ jẹun fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀fọ́ rírò tí wọ́n gbé wá ń jó bí iná, omi sì ń dà lójú mi. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa ìyá rẹ̀ ló wọ̀ mí lára. Ó gbà pé ọkùnrin tó lójú àánú ni mí. Ìgbà tí a ti ṣe ìgbéyàwó tán ló tó mọ̀ pé ata ló fẹ́ mi fún un.

Bàbá rẹ̀ ní tiwọn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Ọkọ̀ àjàgbé ni Bàbá fi ọjọ́ ayé wọn wà. Láti Ìbàdàn títí dé Kánò, kò sí ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí tí wọn kò ti jẹ ata ibẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ fojú hàn wọ́n nílé wọn ní Challenge, wọ́n gbé ìrẹsì ọ̀fadà àti ọbẹ̀ ata síwájú mi. Mo jẹ ìrẹsì náà ní funfun. Mo ń fi ṣíbí ti ọbẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú àwo kó lè dà bí ẹni pé ó ń dín kù. Bàbá ń wò mí. Nígbà tí mo lọ tán, wọ́n ní kí ọmọ wọn wá.

"Ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni," ni wọ́n wí. "Ṣé èyí lo rí?"

Ìyàwó mi kò sọ èyí fún mi títí a fi bí ọmọ kejì. Nígbà yẹn ó ti pẹ́ jù láti bínú.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá ìyàwó mi di olóògbé. Orúnkún ti ń yọ Bàbá lẹ́nu, wọn kò lè dá gbé mọ́, ni a bá kó wọn wá sọ́dọ̀ wa l'Ágbowó. Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kógbá wọlé nígbà náà, nítorí ẹni tó ni ín ta ilẹ̀ rẹ̀. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kan lẹ́kọ̀ọ́ nílé wọn ní ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀ títí di ọ̀sán, èmi ni mo wà nílé, èmi sì ni mo ń dáná, torí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí alẹ́. Bí ọkùnrin tí ata ti sọ di akíkanjú ṣe bọ́ sọ́wọ́ mi nìyẹn, èmi tí mo ń fi tàtàṣé nìkan se ọbẹ̀.

Bàbá kò ráhùn. Wọ́n á jẹ òkèlè díẹ̀, wọ́n á ní "Alhamudulilahi," wọ́n á fọwọ́. Wọ́n ń rù. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọn kì í rẹ́rìn-ín rárá. Ìyàwó mi ní ọ̀fọ̀ ìyá òun ló ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, pé kí a ní sùúrù. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ń ká aṣọ lẹ́yìn fèrèsé wọn, tí mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ọ̀rẹ́ wọn kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Wọ́n ń tọ́jú mi dáadáa," ni wọ́n ń wí. "Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn. Àfi oúnjẹ. Ọkọ ọmọ mi ló ń sè é. Tí mo bá jẹ ẹ́ tán, mo tún máa ń bi ara mi pé ṣé mo ti jẹun."

Ká ní wọ́n ní mo jẹ́ ọ̀lẹ, ì bá sàn. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò ọmọ mi lọ́wọ́, mo sì búra pé màá se ata kan tí Bàbá á jẹ tí wọ́n á pe orúkọ ìyá tó bí mi.

Ẹ̀kọ́ ìwé kò jẹ́ kí n ṣe é bí èèyàn. Mi ò lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo jókòó ti fóònù, mo ń wo bí àwọn òyìnbó ṣe ń rẹ ata sínú omi iyọ̀ títí á fi kan, tí wọ́n á wá lọ̀ ọ́ pẹ̀lú fínígà, tí wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò. Mo lọ sọ́jà Bódìjà, mo ra ata rodo, aáyù, atalẹ̀ àti àlùbọ́sà. Ìyá tó ta ata fún mi bi mí bóyá ìnáwó la fẹ́ ṣe. Mo ní rárá, ìwádìí ni. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n bá mi fi ọ̀rá méjì dì í.

Mo padà délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í la ata níkọ̀ọ̀kan, mo ń fi ìka yọ kóró inú rẹ̀. Ẹni tó wà nínú fóònù wọ ìbọ̀wọ́. Mo rí ìbọ̀wọ́ náà. Mo rò pé ìmọ́tótó ni. Nígbà tí mo ṣe é dé ìdajì, ìtọ̀ gbọ̀n mí, mo sì lọ sílé ìtọ̀ bí mo ṣe wà.

Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tí mo jáde tí mo tún sá padà wọlé. Mo bu omi dà á, iná náà tàn kálẹ̀. Mo bu omi mìíràn, ó tún le sí i. Mo ń fò sókè nínú balùwẹ̀, mo ń kígbe, mo sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ni ojú náà bá gbaná.

Bàbá wà ní pálọ̀, wọ́n ń gbọ́ rédíò. Mo gbọ́ tí ọ̀pá wọn ń bọ̀.

"Tísà, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, sà."

"Kò sí nǹkan, o sì ń ké báyìí?"

"Ata ni, sà."

"Níbo?"

Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń dárúkọ ibi yẹn fún bàbá ìyàwó rẹ̀. Mo gbìyànjú láti rántí ọ̀rọ̀ kan tó ní ọ̀wọ̀ nínú, ata kò jẹ́ kí n rí i.

"Ní ìsàlẹ̀, sà," ni mo wí.

Mo rò pé wọ́n ti lọ. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ nǹkan kan bí ẹni pé ọkọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n ń ṣí iná fún: ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó wá gbiná. Ẹ̀rín ni. Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ́rídọ̀, ẹ̀rín sì ni wọ́n fi ń fún mi ní ìtọ́ni.

"Fi omi sílẹ̀. Omi ń kó o rìn ni. Epo ni kó o fi pa á, kó o wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ṣé o ń gbọ́? Èmi náà ti ṣe é rí, lójú ọ̀nà Jẹ́bà. Inú ọkọ̀ ni mo wà, ọkọ̀ sì ń sáré."

Ìgbà tí ìyàwó mi tibi iṣẹ́ dé, ó bá wa ní pálọ̀. Mo jókòó sórí ìrọ̀rí méjì, ojú mi pupa, Bàbá sì ń nu omi ẹ̀rín lójú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, kò tíì rí eyín bàbá rẹ̀.

"Kí lẹ jọ ń ṣe?" ló bi wá.

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni," ni Bàbá wí, ẹ̀rín sì tún gbé wọn lọ.

Nígbà tí ata náà kan tán tí mo lọ̀ ọ́, mo dín iṣu, mo rọ ata sínú àwo kékeré, mo gbé e síwájú Bàbá. Mo dúró bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń retí èsì ìdánwò. Wọ́n fi iṣu kan án, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ń wo ògiri.

"O ò tọ́ ọ wò," ni wọ́n wí.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, sà?"

"Ẹni tó bá tọ́ ọ wò kò ní fi gbogbo iyọ̀ òkun sí i. Ṣùgbọ́n ó gbéra dáadáa. Ó kàn kú sójú ọ̀nà ni, kò dé ọ̀fun. Ata gidi gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò."

Wọ́n jẹ gbogbo iṣu náà. Wọ́n ní kí n dín òmíràn wá.

Bí iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi ń sè, Bàbá ń tọ́ ọ wò, gbogbo ìdájọ́ wọn sì jẹ́ ti awakọ̀. Èyí ń rọ́ jù, kò ní búrẹ́kì. Èyí ń wúkọ́, fi àlùbọ́sà kún un. Èyí ń fa sápá kan, aáyù rẹ̀ pọ̀. Mi ò mọ ìtumọ̀ ìdajì ohun tí wọ́n ń wí, nítorí mi ò jẹ́ fi ẹnu kàn án, ṣùgbọ́n mo ń ṣe bí wọ́n ṣe wí, ata náà sì ń dára sí i. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi abọ́ kékeré ránṣẹ́ pé kí a bu díẹ̀ fún wọn. Orí mi wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe kíṣìnì wa ní ilé iṣẹ́.

Orí wíwú yẹn ló fa ti ọjọ́ tajútajú. Bàbá ti ní kí a gbìyànjú irú èyí tí a ń dín nínú òróró, pé ó máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ilé wa wà láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bínú nítorí iná mànàmáná, wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé àwọn máa dí ọ̀nà, pé ọlọ́pàá sì máa wá. Mo gbé agbada kaná lẹ́yìnkùlé, mo dúró kí òróró gbóná dáadáa, mo sì da ata rodo àti ata ṣọ̀mbọ̀ lílọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Èéfín tó jáde, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Atẹ́gùn gbé e kọjá lórí ògiri lọ sójú títì. Mo gbọ́ tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ẹlòmíràn gbà á, ó di ti gbogbo àdúgbò. Ẹnì kan wá kígbe pé, "Tajútajú! Wọ́n ti yin tajútajú!" Mo gbọ́ ariwo ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń fà wálẹ̀, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ojú ń ta èmi náà, ọ̀fun ń ta mí, àyà mi sì já. Mo bá wọn sá.

Mo fẹ́ kó yé yín dáadáa. Èmi tí mo gbé ata kaná, èmi tí ọmọrogùn wà lọ́wọ́ mi, mo sá jáde láti inú ilé mi, mo ń sá fún ọlọ́pàá. Mo sáré gba iwájú àwọn ọlọ́kadà kọjá, mo dé títì ńlá tó kọjú sí yunifásítì, mo dúró láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń fi omi inú ọ̀rá bọ́jú. Mo ń sọ fún wọn pé ohun tí ìjọba ń ṣe yìí kò dára. Ọmọbìnrin kan tó wà nítòsí mi gbóòórùn mi, ó wo ọmọrogùn ọwọ́ mi, òróró pupa ń kán lára rẹ̀.

"Daddy," ló wí, "abi na you dey fry pepper?"

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mo ti fi agbada sílẹ̀ lórí iná.

Mo sáré padà. Mo bá Bàbá lẹ́yìnkùlé, wọ́n fi tówẹ̀lì tútù wé gbogbo ojú, wọ́n ti pa gáàsì, wọ́n ti gbé ìdérí dé agbada. Orúnkún tí wọ́n ní kò ṣeé fi dìde ni wọ́n fi ṣe gbogbo ìyẹn.

Onílé wa, tí í ṣe Alájì, sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ìyàwó wọn ní ikọ́ èémí, inú sì ń bí wọn. Wọ́n ní kí n kó ata mi, kí n kó ẹrù mi, kí n wá ibòmíràn lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kàn ń wúkọ́. Bàbá ló bá mi bẹ̀ wọ́n.

"Ẹ jọ̀wọ́, Alájì, ẹ má bínú," ni wọ́n wí. "Ẹ bá mi forí jì í. Ọmọ mi ni. Èmi ni mo ní kó dín ata, èmi ni kẹ́ ẹ bá wí."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ mí, "ọkọ ọmọ mi" ni wọ́n ń pè mí lójú ẹlòmíràn, tàbí "Tísà." Mo gbọ́ "ọmọ mi" yẹn níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí. Ó dára bí ojú mi ṣe ti ń ṣomi tẹ́lẹ̀. Alájì wo irun funfun orí Bàbá, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà, ilé ẹ̀gbọ́n mi kan l'Ẹ́lẹ́yẹlé, lẹ́bàá omi, níbi tí ilé kò ti fún pọ̀, la ti ń dín ata wa.

Ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin tó gbóòórùn mi dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ra tajútajú. Orúkọ tí gbogbo Agbowó ń pe ata mi nìyẹn títí di òní, kò sì sí orúkọ dáadáa tí mo lẹ̀ mọ́ ìgò tó lè borí rẹ̀. Wọ́n ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹyin díndín, pẹ̀lú ẹ̀wà, pẹ̀lú búrẹ́dì lásán nígbà tí owó bá tán. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọ̀kan nínú wọn ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní Bódìjà. Bí ata náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn. Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé kan, kí n gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn oníbàárà tọ́ ọ wò.

Mo múra. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo so aṣọ ìdáná mọ́ àyà, mo dé fìlà kan tí mo ní kí wọ́n kọ "Ọ̀gá Ata" sí. Ìyàwó mi ní kí n má dé e. Mo dé e. Bàbá ní àwọn náà máa bá mi lọ, pé ilé ti sú àwọn, mo sì gbé àga rọ́bà fún wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí wa, wọn ò dúró. Nígbà tó yá, obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n dúró.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ sè é?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kí n rí i. Mi ò mọ ohun tẹ́ ẹ fi sí i."

Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni. Mo lè fi ẹnu kàn án díẹ̀, kí n rẹ́rìn-ín, kó parí. Ṣùgbọ́n fìlà wà lórí mi, èèyàn sì ti ń pé jọ. Mo bu ṣíbí kan kún, mo gbé e mì.

Mi ò lè sọ bó ṣe rí lẹ́nu, torí mi ò rí i mọ̀. Òsúkè ló kọ́kọ́ mú mi. Imú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dà, etí mi dí, mo di tábìlì mú. Sẹ́kúríìtì sáré gbé omi wá. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bi mí bóyá mo ní ikọ́ fée. Obìnrin yẹn ti ń fà sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ bo ojú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Bàbá fi ọ̀pá tilẹ̀ dìde. Wọ́n mú búrẹ́dì, wọ́n rì í bọnú ata náà títí dé ìdajì, wọ́n jẹ ẹ́ ní ìrọ̀rùn bí ẹni tó ń jẹ oúnjẹ àárọ̀, wọ́n fi áńkáṣífù nu ẹnu.

"Ẹ má dá a lóhùn," ni wọ́n wí. "Dírẹ́bà mi ni."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n yí Bàbá ká, wọ́n ń béèrè bí Bàbá ṣe ń sè é, Bàbá sì ń dá wọn lóhùn láìkọsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò se omi rí láyé wọn. Ata wa tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Èmi ni mo ń kó ìgò sínú ọ̀rá fún wọn, tí mo ń sọ̀súkè. Obìnrin ọlọ́mọ yẹn ra méjì, ó sì fi nǹkan sí mi lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ, ó ní kí n fi mu omi, pé kí n máa tọ́jú Bàbá dáadáa. Mo ní ẹ ṣé, mà. Títí di òní, wọ́n ń pè mí ní dírẹ́bà ní súpámákẹ́ẹ̀tì yẹn, mi ò sì lè jiyàn, èmi náà ni mo ń wa Bàbá lọ wa Bàbá bọ̀.

Ní bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta Bàbá. Dókítà ní ọgbẹ́ inú ni, wọ́n ní kí Bàbá jìnnà sí ata. Bàbá sọ fún ọmọ wọn pé dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí. Ìyàwó mi kó gbogbo ìgò kúrò nílẹ̀, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì iṣẹ́ rẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́ nítorí Bàbá. Ká má purọ́, ọkàn mi tún bàjẹ́ nítorí ata. Mi ò mọ ẹni tó máa sọ fún mi bóyá ó ń wúkọ́ tàbí kò ní búrẹ́kì.

Mo gbé ata tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ lọ bá Bàbá, mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n rò ó.

"Jókòó síbí," ni wọ́n wí. "Bu díẹ̀ sẹ́nu. Díẹ̀ o. Kọjú sí mi."

Mo fẹnu kàn án. Wọ́n tẹjú mọ́ mi bí mẹkáníìkì tó ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì.

"Kò tíì tó," ni wọ́n wí. "Ojú ọ̀tún nìkan ló ṣomi. Fi ata ṣọ̀mbọ̀ kún un."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí báyìí. Ìyàwó mi ní ìwà ìkà ni, ṣùgbọ́n mo ti rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì tó ń wò wá, tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ahọ́n mi kò tíì kọ́ nǹkan kan nínú gbogbo rẹ̀. Bó ṣe wà ló wà. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tó kọjá, a ṣe èyí tó ní atalẹ̀ nínú. Mo bu ú sẹ́nu. Eegun etí mi gbóná, òsúkè dé, omi bọ́ lójú méjèèjì. Bàbá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n wò mí títí.

"Ó ti dára," ni wọ́n wí. "Rọ ọ́ sínú ìgò."

Mo fẹ́ sọ pé ẹ ṣé, sà. Ohùn kò jáde, mo kàn mi orí, mo sì lọ gbé ìgò wá.